Oògùn ADHD fún ọmọ kékeré: ohun tí àwọn òbí máa ń béèrè

ADHD ni àìsàn tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè pọkàn pọ̀ tàbí kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje ló wà níbí. Àwọn òbí tó ń béèrè wà ní Ìlú Ọba, ní Amẹ́ríkà àti nílé, ètò ìlera ibi kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀, nítorí náà ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti yà la ó ti sọ ọ́. Dókítà tó rí ọmọ yín lójúkojú nìkan ló lè sọ èyí tó kan ọmọ yín. Ohun tí a fẹ́ ni kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó bi í.

Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin. Wọ́n ní ADHD ni. Ṣé kí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn báyìí?

Ó ti yá jù. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ dé ọwọ́ yín ni ẹ̀kọ́ fún òbí, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ti ń fi han bàbá àti ìyá bí wọ́n ṣe ń darí ọmọ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, AAP, sọ ọ́ nínú ìlànà wọn ti 2019 pé láti ọdún 4 títí ọmọ yóò fi pé 6, ẹ̀kọ́ òbí àti ìrànlọ́wọ́ ní kíláàsì ló ṣáájú. Bí wọ́n bá ti ṣe ìyẹn dáadáa tí wàhálà náà sì ṣì le, ìgbà yẹn ni dókítà lè gbé oògùn tí wọ́n ń pè ní methylphenidate yẹ̀ wò. Ti Ìlú Ọba tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà ti 2018 láti ọ̀dọ̀ NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kò gbọdọ̀ gba oògùn ADHD àfi bí dókítà àgbà kejì, ẹni tó mọ ADHD ọmọ kékeré dunjú, bá ti dá sí i.

Láti ọdún 6 lọ, nǹkan yí padà: AAP ní kí oògùn àti ẹ̀kọ́ òbí jọ rìn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń sọ fún yín pé oògùn dára tàbí kò dára, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ọdún mélòó ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Tíṣà rẹ̀ ló sọ pé ADHD ni. Ṣé ìyẹn tó?

Kò tó. Tíṣà lè sọ ohun tó rí, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dókítà ni láti sọ pé àìsàn báyìí ni. Kí dókítà tó lè sọ ọ́, ó kéré tán àmì 6 nínú 9 ní láti hàn lára ọmọ, yálà nínú àwọn ti àìlèpọkànpọ̀ ni tàbí nínú àwọn ti ara tí kò balẹ̀. Ó ní láti ti tó oṣù 6, kó sì máa ṣẹlẹ̀ níbi méjì ó kéré tán. Ọmọ tó ń da kíláàsì rú, àmọ́ tó ń jókòó jẹ́ẹ́ nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sáláṣí, àti lọ́dọ̀ màmá àgbà, kíláàsì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò.

Ẹ wo ọjọ́ ìbí rẹ̀ pẹ̀lú. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2018 wo àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án pààlà ẹni tó máa wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù kẹjọ, ìyẹn àwọn tó kéré jù nínú kíláàsì, ni wọ́n ń fi ADHD pè ju àwọn tí wọ́n bí ní oṣù kẹsàn-án lọ, ó sì fi ìdá 34 nínú 100 jù ú lọ. Kì í ṣe pé oṣù kẹjọ ń fa àìsàn. Ọmọ tó fi ọdún kan kéré sí ẹni tó jókòó tì í ni wọ́n ń retí pé kó gbọ́n bíi tirẹ̀. England náà ń lo ọjọ́ yẹn gan-an. Nílé ńkọ́? Àwa tí a máa ń fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́rin ti wà ní Primary 1, tí a sì tún ń bẹ̀bẹ̀ fún double promotion, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Kí ló tún lè mú kí ọmọ máa ṣe báyìí?

Ó pọ̀. Ọmọ tó ń hanrun lóru nítorí ẹran tó wú nínú ọ̀fun rẹ̀ kì í sùn dáadáa, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, dípò kó máa tòògbé bíi ti àgbà, ńṣe ni yóò máa sáré kiri. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa máa ń jọ aláìgbọ́ràn. Irú wárápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣubú: yóò kàn dákẹ́ lójijì, ojú rẹ̀ á wò sùn-ùn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, a ó sì ní kò fọkàn sí ohun tí à ń sọ. Àìtó ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù àti ìjà nínú ilé náà wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ SS, ẹ rí i pé dókítà mọ̀, torí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè pa ibi kéékèèké lára nínú ọpọlọ láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ìyẹn náà a sì máa ba ìpọkànpọ̀ jẹ́.

Ọ̀kan tún wà tí dókítà òyìnbó kì í sábà béèrè: tìróò. Ní 2011, ní Boston, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń lé tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà fún. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ó lè fara balẹ̀. Bí ẹ bá ti lé tìróò fún ọmọ yín rí, ẹ sọ fún dókítà kó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹ̀kọ́ fún òbí? Ṣé wọ́n ń sọ pé mi ò mọ ọmọ tọ́ ni?

Inú máa ń bí ọ̀pọ̀ òbí sí gbólóhùn yìí, pàápàá ẹni tó ti tọ́ ọmọ mẹ́ta yanjú kí eléyìí tó dé. Kò sí ẹni tó ń bú yín. Ọmọ yìí nílò ju ohun tí ọmọ yòókù nílò lọ, ìyẹn ni wọ́n sì fẹ́ kọ́ yín.

Ẹ wo àárọ̀ ọjọ́ iléèwé. Ìyá wà ní kíṣìnnì, ó ń pariwo sókè: "Ṣé o ti fọ eyín? Wọ ṣòkòtò ẹ, mú báàgì ẹ, má sì fọwọ́ kan àbúrò ẹ o!" Ohun mẹ́rin ló sọ yẹn. Ọmọ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn, ó sì lọ fọwọ́ kan àbúrò rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, wọn yóò ní kí ìyá fi ìkòkò sílẹ̀, kó lọ bá ọmọ níbi tó wà, kó lóṣòó kí ojú wọn lè ṣe mẹ́rin, kó sì sọ ohun kan ṣoṣo: "Wọ ṣòkòtò ẹ." Kó dákẹ́. Kó dúró díẹ̀ láìsọ ọ́ tún. Bí ọmọ bá ti ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, kó yìn ín lójú ẹsẹ̀, kó sì dárúkọ ohun tó ń yìn ín fún: "O wọ ṣòkòtò ẹ bí mo ṣe sọ ọ́, o káre." Lẹ́yìn náà ni kó tó kan eyín. Ó jọ eré lójú, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tí ara bá rẹ̀ yín, ẹ ó rí i pé ó le ju pípariwo lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí wọ́n sì máa ń fẹ́ kí bàbá náà wà níbẹ̀, nítorí bí ìyá bá ń yìn tí bàbá ń jágbe, ọmọ ò ní mọ èyí tí yóò dì mú.

Incredible Years, Triple P àti PCIT wà lára àwọn ẹ̀kọ́ òbí tí ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn. Ní Ìlú Ọba, ẹ béèrè lọ́wọ́ GP tàbí health visitor. NICE ní kò pọn dandan kí wọ́n ti fìdí ADHD múlẹ̀ kí ẹ tó wọ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má jókòó sórí ìlà ọdún méjì lásán. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 3 sí 5 lẹ́tọ̀ọ́ sí kí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba agbègbè yín yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ̀wé béèrè.

Ẹgba ńkọ́?

Ó máa ń dá a dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tán. Ọmọ tí kò lè dúró ronú kó tó ṣe nǹkan kò ní rántí ẹgba àná kó tó gun tábìlì lónìí. Òfin náà wà níbẹ̀: ní Scotland láti 2020 àti ní Wales láti 2022, nínà ọmọ ti di èèwọ̀ pátápátá.

Dókítà kọ oògùn fún wa lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ rí i. Ṣé mo lè kọ̀?

Ẹ lè kọ̀, ẹ sì lè béèrè ìdí. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2025 wo àkọsílẹ̀ ọmọ 9,708 tí wọ́n ti sọ ní ọdún 3 sí 5 pé wọ́n ní ADHD ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bíi 42 nínú 100 ló ti gba oògùn kí ọjọ́ 30 tó pé, bí ìlànà AAP tilẹ̀ ní ẹ̀kọ́ òbí ló ṣáájú. Nígbà mìíràn kì í ṣe ẹ̀bi dókítà, kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà nítòsí ni. Ẹ kàn sọ pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ òbí, kí a wá padà wá rí yín. Ibo la ti lè rí i?" Dókítà tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ wá ẹlòmíràn.

Àmọ́ bí ọmọ bá ń sáré bọ́ sí títì, tó ń fi ara rẹ̀ àti ọmọ ẹlòmíràn sínú ewu, tàbí tí iléèwé kẹta ti lé e, ẹ má fi ìlànà dí ara yín lójú. Nírú ìgbà yẹn dókítà lè rí ìdí tí kò fi lè dúró.

Kí ni oògùn yìí ń ṣe gan-an?

Methylphenidate ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí ni Ritalin. Ará Switzerland kan, Leandro Panizzon, ló ṣe é ní 1944, orúkọ ìyàwó rẹ̀, Rita, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ó ń mú kí dopamine àti noradrenaline, èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́, èyí sì ń jẹ́ kí ọmọ lè dúró kó tó ṣe nǹkan. Èyí tó ń tètè ṣiṣẹ́ máa ń lò tó wákàtí mẹ́rin lára. Àwọn tó ń pẹ́ máa ń lo wákàtí 8 sí 12. Kì í wo ADHD sàn. Bó bá ti kúrò lára, ọmọ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ kékeré bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ ńlá?

Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò tó bẹ́ẹ̀, wàhálà rẹ̀ sì pọ̀ jù. Ìwádìí tó ṣe pàtàkì jù lórí èyí ni PATS, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006. Ọmọ 303 tó wà láàárín ọdún 3 sí 5 àti ààbọ̀ ni wọ́n gbà wọlé. Àwọn òbí kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 10, ara ọmọ àwọn kan sì balẹ̀ débi pé wọn ò bá a dé ìdí oògùn mọ́. Nínú àwọn tó lo oògùn, àǹfààní rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ó kéré sí èyí tí wọ́n ń rí lára ọmọ tó ti wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bíi 11 nínú 100 ló pa á tì nítorí ohun tó ń ṣe sí wọn lára: kí wọ́n máa kanra, kí wọ́n máa sunkún láìnídìí, kí oorun máa dá lójú wọn, kí oúnjẹ má wù wọ́n. Láàárín ọdún kan tí wọ́n ń lò ó, ìdàgbàsókè wọn fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.4 àti kílò 1.3 dín sí èyí tó yẹ.

Ara ọmọ kékeré kì í tètè lo oògùn yìí tán. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tó kéré gan-an, tí yóò sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un.

Mo rí i lára páálí oògùn kan pé láti ọdún 3 lọ ni. Kí ló dé tí ẹ fi ní kí á dúró?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí. Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ ìjọba tó ń fọwọ́ sí oògùn, fọwọ́ sí àwọn kan nínú oògùn amphetamine, irú oògùn ADHD mìíràn, láti ọdún 3, ó sì fọwọ́ sí methylphenidate láti ọdún 6. Ó jọ pé ti àkọ́kọ́ ló dára fún ọmọ kékeré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfọwọ́sí àtijọ́ ni ti amphetamine. Methylphenidate ni wọ́n ti ṣe ìwádìí gidi lé lórí lára ọmọ kékeré, òun náà sì ni AAP dárúkọ. Ní oṣù kẹfà 2025, FDA ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára gbogbo amphetamine àti methylphenidate tó ń pẹ́ lára, pé ọmọ tí kò tíì pé 6 lè rù.

Pé ọmọ lè rù gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Báwo la ṣe máa bọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ kó jẹun kó tó lo oògùn. Àárọ̀ ni oúnjẹ gidi: ògì tí ẹ fi mílíìkì sí dáadáa pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà, ẹyin, dòdò. Ẹ má retí pé yóò jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán ní iléèwé, ẹ má sì lù ú nítorí ẹ̀. Nígbà tó bá di aago márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí oògùn ti ń kúrò lára, ebi máa ń dé lójijì. Kí oúnjẹ ti wà nílẹ̀. Àkókò yẹn náà ni ọmọ mìíràn máa ń kanra jù, kó máa sunkún lórí ohun tí kò tó nǹkan. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ sọ fún dókítà, ó lè yí àkókò tàbí irú oògùn padà.

NICE ní kí wọ́n máa wọn ìwúwo ọmọ ọdún 10 sísàlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n sì máa wọn gíga rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Bí wọn ò bá wọ̀n ọ́n, ẹ̀yin ẹ béèrè. Ọmọ tí kò lè gbé kóró mì ńkọ́? Kápúsù kan wà tí wọ́n gbà kí a ṣí, kí a wọ́n ohun inú rẹ̀ sórí síbí yọ́gọ́ọ̀tì tútù kan. Kóró tó ń pẹ́ lára kò ṣeé lọ̀, kò sì ṣeé jẹ lẹ́nu. Ẹ bi apòògùn kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ má sì dà á sínú ògì gbígbóná.

Ọkàn ọmọ ńkọ́?

Ó máa ń jẹ́ kí ọkàn yára lù díẹ̀, ó sì máa ń gbé ìfúnpá sókè díẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ ọmọ gbà á. Àmọ́ dókítà gbọ́dọ̀ wọn méjèèjì kó tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbàkígbà tó bá yí ìwọ̀n oògùn padà, yóò sì bi yín bóyá ọmọ máa ń dákú nígbà tó bá ń sáré, àti bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé kú lójijì lọ́jọ́ orí kékeré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè sọ pé kò sí. Nínú ìdílé tiwa, a kì í sọ pé ọkàn ló pa èèyàn. Àbúrò bàbá tó ṣubú lulẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù tí kò dìde mọ́, wọ́n ní aráyé ló ta á lọ́fà. Ohun yòówù tí ìdílé bá gbà gbọ́ pé ó pa á, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ọ̀dọ́ kan ṣubú, ó sì kú. Ẹ pe àwọn àgbà nílé kí ẹ tó lọ.

Ṣé kò ní sọ ọ́ di dìndìnrìn? Ṣé kò ní di ẹni tó ń mu oògùn olóró?

Bí ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín bá wá dákẹ́ lọ gbári, tó kàn ń wò, ìwọ̀n oògùn náà ti pọ̀ jù tàbí kò bá a lára mu. Kì í ṣe ohun tí a ní kí òbí fara dà. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ti oògùn olóró, àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé ọmọ títí wọ́n fi dàgbà kò rí i pé lílò ó ní kékeré ń sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ni kí ẹ ṣọ́: ẹ̀gbọ́n tó wà ní yunifásítì tó fẹ́ fi kàwé mọ́jú. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ti oògùn náà pa.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ohun méjì tàbí mẹ́ta péré tó ń dà yín láàmú jù, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀: pé kò lè jókòó jẹun tán, pé ó ń gbá ọmọ ní iléèwé. Ẹ ní kí tíṣà máa kọ tirẹ̀ náà, kó má wo tiyín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ gbé méjèèjì fún dókítà. "Ó ti dáa díẹ̀" kì í ran dókítà lọ́wọ́. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n á dá a dúró. Àwọn oògùn mìíràn wà, bíi guanfacine àti atomoxetine, ṣùgbọ́n ìwádìí lórí wọn lára ọmọ kékeré kò tó nǹkan.

Màmá ọkọ mi ní èmèrè ni, bàbá mi sì ní àgbo wà. Kí ni kí n ṣe?

Àdúrà kò bá ìtọ́jú jà. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí ọmọ gbààwẹ̀, tàbí tí wọ́n ti fẹ́ dè é tàbí nà án, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ kò yẹ ọmọdé rárá, èyí tó kù náà kò yẹ kó bá methylphenidate pàdé nínú ikùn ọmọ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀.

Àmọ́ ẹ tẹ́tí sí màmá dáadáa bí wọ́n bá sọ pé "Bí bàbá ẹ̀ ṣe rí ní kékeré nìyí." Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó ń fa ìyàtọ̀ láàárín èèyàn lórí ADHD ló ń ti inú ìran wá. Dókítà fẹ́ gbọ́ ọ.

Ṣúgà àti epo ẹja ńkọ́?

Ṣúgà kì í fa ADHD. NICE kò ní kí ẹ máa ra epo ẹja nítorí rẹ̀.

Nàìjíríà la wà. Ibo la ó gbà?

Ẹ wá ibi tí dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé wà: UCH ní Ìbàdàn, Aro ní Abẹ́òkúta, àti ẹ̀ka ọmọdé ilé ìwòsàn Yaba tó wà ní Òṣòdì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Aro lé yín padà. Ọmọ tó lọ síbẹ̀ kò ya wèrè. Methylphenidate kì í fìgbà gbogbo wà nílé, ó sì máa ń wọ́n, nítorí náà ẹ bi wọ́n bóyá ẹ ó lè máa rí i rà títí kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ra èyí tí kò ní páálí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣé títí ayé ni?

Rárá. Ó yẹ kí dókítà máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún ó kéré tán, bóyá ó ṣì nílò rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè wò ó. Guanfacine àti clonidine, oògùn mìíràn tí wọ́n máa ń lò fún ADHD, pàápàá ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara yín dá dúró lójijì, torí ìfúnpá lè fò sókè.

A fẹ́ wá sílé fún Kérésì. Ṣé a lè gbé e dání?

Methylphenidate wà lára oògùn tí àdéhùn àgbáyé ti 1971 ń ṣọ́. Ẹ fi sínú páálí tó bá wá, tí orúkọ ọmọ wà lára rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà tó sọ iye tí ẹ gbé, kó sì wà nínú báàgì ọwọ́. Ẹ bi ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà léèrè kí ẹ tó gbéra. Ní Amẹ́ríkà, ìwé oògùn kan kò ṣeé fi gbà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹ tètè sọ fún dókítà pé ẹ ń rìnrìn àjò, kí ẹ sì ka ti ọjọ́ ìpadà mọ́ ọn.